Kàpásítọ̀ Tó Ń Pẹ́ Lórí Bọ́ọ̀dù Sáfà: Ẹ Ka Wákàtí, Ẹ Fi Ìpolówó Sílẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o. Bọ́ọ̀dù sáfà, ìyẹn motherboard kọ̀ǹpútà server, là ń rà lónìí, èyí tó máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru fún ọdún márùn-ún, mẹ́fà, tí kò ní sinmi. Mi ò ní sọ̀rọ̀ CPU, mi ò ní sọ̀rọ̀ RAM, ẹ ti mọ ìyẹn. Àwọn agolo kéékèèké tó tò yí sọ́kẹ́ẹ̀tì CPU ká ni mo fẹ́ ká jọ wò. Kàpásítọ̀.

Ẹ wo borehole ilé yín. Tí kò bá sí tánkì lókè, tí ẹ so pọ́ǹpù mọ́ ẹnu ẹ̀rọ omi tààrà, omi á máa tú púù, á dá, á tún tú púù. Bí VRM, apá bọ́ọ̀dù tó ń ṣètò iná, ṣe ń fún CPU níná gan-an nìyẹn: ó ń sọ 12V di nǹkan bíi 1V, ó ń tàn, ó ń kú, lọ́pọ̀ ìgbà ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. CPU ńlá sì lè gba ju 100A lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Kàpásítọ̀ ni tánkì tó ń mú kí iná náà sàn déédéé. Ohun tí wọ́n ń pè ní ESR, ìdènà iná tó wà nínú kàpásítọ̀ fúnra rẹ̀, ńkọ́? Ẹnu páìpù tánkì yẹn ni. Bí ẹnu páìpù bá dí, tánkì lè kún dẹ́nu, omi ò ní yára jáde. Ìdí nìyẹn tí bọ́ọ̀dù tí kàpásítọ̀ rẹ̀ ti ń gbẹ fi lè tàn dáadáa láàárọ̀, kó wá dì gbagidi nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ó dáa. Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣì í rèé, ẹ gbọ́ o. Wọ́n á rí 105°C lára kàpásítọ̀, wọ́n á ní: "Sáfà mi ò lè gbóná dé 105 láéláé, ó ti parí." Kò parí! 105 nìkan ò sọ nǹkan kan fún yín. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé WÁKÀTÍ MÉLÒÓ ní 105? Wọn kì í sábà kọ ìyẹn sára agolo. Àmì ilé iṣẹ́, lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta tó jẹ́ orúkọ ìdílé rẹ̀, µF (bí tánkì ṣe tóbi tó) àti V (fólítì tó lè gbà) lẹ máa rí. Ẹ mú lẹ́tà yẹn lọ sínú datasheet, ìwé àlàyé tí ilé iṣẹ́ náà ṣe.

Ká ní 2,000 wákàtí ló wà níbẹ̀. 2,000 wákàtí ò pé oṣù mẹ́ta, ọjọ́ 83 ni. Ṣùgbọ́n fún kàpásítọ̀ olómi, gbogbo dígírì 10 tí ìgbóná bá fi dín kù, ẹ̀mí rẹ̀ á di ìlọ́po méjì. Ní 95, ó di 4,000. Ní 85, 8,000. Ní 65, 32,000, ìyẹn ọdún mẹ́ta àbọ̀ àti díẹ̀. Ẹ wá padà wo 85 yẹn: 8,000 wákàtí, oṣù mọ́kànlá! Kàpásítọ̀ kan náà, bọ́ọ̀dù kan náà o, dígírì 20 péré ló ba nǹkan bí ọdún mẹ́ta jẹ́. Ẹ wá mú èyí tó jẹ́ 5,000 wákàtí, kẹ́ ẹ fi sí 65: 80,000, ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ ò rí i pé 105 wà lára àwọn méjèèjì? WÁKÀTÍ MÉLÒÓ, NÍ ÌGBÓNÁ MÉLÒÓ. Méjèèjì pọ̀ ni.

Pólímà, èyí tí kò ní omi nínú, tún sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dígírì 20 tó bá dín, ìlọ́po mẹ́wàá ni wọ́n ń kà fún un. 2,000 ní 105 á di 200,000 ní 65. Nítorí náà ẹ jẹ́ kó jẹ́ pólímà ló yí CPU ká. Ẹ máa dá a mọ̀: olómi máa ń wọ aṣọ rọ́bà, wọ́n sì máa ń kọlà sí i lórí, K tàbí àgbélébùú, kí gáàsì lè ríbi jáde. Pólímà kì í sábà wọ aṣọ, orí rẹ̀ máa ń dán, kò kọlà. Ẹ ṣọ́ra, wọ́n lè fi pólímà mẹ́fà yí CPU ká, kí wọ́n kọ "solid capacitor" gàdàgbà sára páálí, kí olómi sì kún ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù. Ẹ yí gbogbo bọ́ọ̀dù po wò.

"Ti Japan ni o!" Èmi ò bá ìyẹn jà. Nippon Chemi-Con, Rubycon, Nichicon, Panasonic, ilé iṣẹ́ gidi ni wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn HM àti HN tí Nichicon ṣe láàárín 2001 sí 2004 bàjẹ́ bí ti àwọn ẹlòmíì. Láyé ìgbà yẹn náà ni ọ̀pọ̀ kàpásítọ̀ Taiwan ń wú bí àkàrà: omi inú wọn ò ní èròjà tó yẹ kó dáàbò bo alumíníọ̀mù, ó ń jẹ ẹ́, háídrójìn sì ń kóra jọ sínú agolo. Kọ̀ǹpútà Dell, OptiPlex GX270 àti GX280, fara gbá ìbàjẹ́ kàpásítọ̀ ìgbà yẹn débi pé lọ́dún 2005, Dell ya $300 mílíọ̀nù sọ́tọ̀ fún àtúnṣe. Orúkọ ìlú ò tó, ẹ wo ìdílé àti ọjọ́ orí.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ló kàn, èyí ló sì ń bí mi nínú jù. Wọ́n ṣe bọ́ọ̀dù sáfà fún fáànù alágbára tó ń fẹ́ láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ẹ wá gbé e sínú àpótí lásán, ẹ so ẹ̀rọ amútútù olómi mọ́ CPU, CPU tutù minimini, inú yín dùn. Ta ló ń fẹ́ VRM? Kò sẹ́ni kankan! Ilé dátà ń gbìyànjú láti wà láàárín 18 sí 27°C. Yàrá wa ní Ìbàdàn lóṣù kẹta, tí kò sí ésì, tí NEPA tún mú iná lọ, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n. Fáànù 120mm kan tó dojú kọ VRM tààrà ṣe yín lóore ju bọ́ọ̀dù olówó gọbọi lọ.

Tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà? Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì lọ. Èyíkéyìí tí orí rẹ̀ bá wú, tàbí tí nǹkan pupa rúsúrúsú bá ṣàn sídìí rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ojú ò sábà lè rí ti pólímà, kì í sábà wú. Ẹ tan bọ́ọ̀dù, ẹ fi stress-ng, ètò tó ń di iṣẹ́ ru CPU, sin ín fún wákàtí mẹ́rin, kẹ́ ẹ máa fi àṣẹ "ipmitool sdr", tó ń ka òṣùwọ̀n inú bọ́ọ̀dù (IPMI), wo ìgbóná VRM. Tó bá kọjá 85, afẹ́fẹ́ ò tó. 12V gbọ́dọ̀ wà láàárín 11.4 sí 12.6, ṣùgbọ́n kí ìyẹn má tàn yín o: ìpíndọ́gba ni IPMI ń fi hàn, kì í fi ripple hàn, ìyẹn bí iná ṣe ń gbọ̀n sókè sódò. Oscilloscope, ẹ̀rọ tó ń yàwòrán iná, ló ń rí ripple, 120mV sì ni òpin rẹ̀ lórí 12V tó ń ti inú páwà sọ́pláì bọ̀.

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀: fólítì tuntun kò gbọdọ̀ kéré sí ti tẹ́lẹ̀, 16V fún ìlà 12V, ESR kò gbọdọ̀ ga ju ti tẹ́lẹ̀, kí ìbú rẹ̀ sì bá ihò mu, 8mm tàbí 10mm. Kẹ́ ẹ tó tú èyí tó wà níbẹ̀, ẹ ya fọ́tò. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù ló ń kun ẹ̀gbẹ́ nẹ́gátíìfù, àwọn kan wà tó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ pọ́sítíífù ni wọ́n ń kùn. Ẹ fi í sódì, ó máa bú gbàù lójú yín.