Mùdùnmúdùn Tuntun, Ara Ọmọ Tuntun

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará wa l'Ábújà àti jákèjádò Òkè Ọya.

Ẹ jẹ́ ká ní ẹbí kan wà ní Kubwa. Ọmọ wọn ní àrùn fọ̀níkú-fọ̀ladìde, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un ní mùdùnmúdùn eegun, wọ́n sì ti padà sílé. Làwọn ẹbí bá kó ara wọn jọ láti Lugbe àti Nyanya, wọ́n fẹ́ wá kí i. Kí ìyá ọmọ ní kí wọ́n dúró ná. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn wúwo lẹ́nu ọmọ Yorùbá, pàápàá tó bá jẹ́ ìyá ọkọ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Síbẹ̀, kó sọ ọ́.

Oògùn líle ni wọ́n fi pa mùdùnmúdùn àtijọ́, ibẹ̀ sì ni sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń ṣọ́ ara ti ń wá. Àwọn tó kọ́kọ́ ń padà dé nínú wọn ni èyí tí wọ́n ń pè ní neutrophil, láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 lẹ́yìn tí wọ́n bá fi mùdùnmúdùn tuntun sára. Bí iye wọn bá ti lé ní 500 nínú microlitre ẹ̀jẹ̀ kan, tí kò tó ẹ̀kán, fún ọjọ́ 3 léraléra, dókítà á ní mùdùnmúdùn tuntun ti mú.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń tú ìbòmú sọnù. Ó yá jù! Sẹ́ẹ̀lì T, irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun mìíràn, lè lo ju ọdún kan lọ kó tó pé. Ẹran ara kan lẹ́yìn eegun àyà, thymus, ló ń kọ́ wọn níṣẹ́. Bí a ṣe ń dàgbà ló ń sún kì, ìdí nìyẹn tí ara ọmọdé fi ń tètè bọ̀ sípò ju ti àgbà lọ. Tí aláìsàn bá ṣì ń lo oògùn tó ń dẹ́kun ìjà láàárín mùdùnmúdùn àlejò àti ara tó gbà á, ó tún máa pẹ́ sí i. Ní gbogbo àsìkò yìí, eruku ọyẹ́ tó gbé irú kòkòrò tó ń mú búrẹ́dì bu dání, àti nono tí wọn ò sè, lè dá a gúnlẹ̀.

Àjẹsára ìgbà èwe náà ti ń parẹ́ nínú ara. Wọn á tún un gbà, ọ̀pọ̀ láti nǹkan bí oṣù 6. Ti èèyi àti ibà pọ́njú ní kòkòrò alààyè nínú, ó kéré tán ọdún 2 ni wọn á fi dúró.

Bí àwọn tó ń kán àjẹsára rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ bá kanlẹ̀kùn, ẹ sọ fún wọn pé irú aláìsàn báyìí wà nílé. Kòkòrò alààyè inú ẹ̀kán náà lè ti ìgbẹ́ ọmọ tó gbà á ran aláìsàn. Ẹ bi dókítà nípa ti abẹ́rẹ́ fún àwọn ọmọ yòókù. Òun kò ní kòkòrò alààyè nínú.