Ohun Tí Àṣìṣe Ọmọ Ń Sọ: Ọ̀rọ̀ Pẹ̀lú Àwọn Tó Ń Kọ́ṣẹ́ Olùkọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sọ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní orílẹ̀-èdè Benin, rèé. Mo gé àwọn ibi tí a ti ń ṣàwàdà kúrò, mo sì fi ìbéèrè kan tí wọ́n bi mí kún un.

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, mo júbà. Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, ẹ kú ìjókòó, ẹ sì kú ìfaradà ooru yìí.

N kò wá síbí láti sọ fún yín pé ìwé kíkà dára. Bí kò bá dára, ẹ kò ní wà níbí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá: ẹni tí kò bá lè gbọ́ ohun tí àṣìṣe ọmọ ń sọ kò lè kọ́ ọmọ náà ní ìwé kíkà. Ìgbọ́ yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ ni, à ń kọ́ ọ ni, a kì í bí i mọ́ èèyàn. Ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ ló sì yẹ ká ti kọ́ ọ, kí wọ́n tó gbé kíláàsì lé wa lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká yọjú wo kíláàsì CI kan, ìyẹn kíláàsì àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa. Olùkọ́ ti kọ ọ́ sójú pátákó: «Papa a une moto» (Bàbá ní alùpùpù). Ó fi ọ̀pá tọ́ ọ, ó kà á, gbogbo ọmọ sì gbè é. Ohùn wọn dún dé títì. Bí ọ̀gá ilé-ìwé bá ń kọjá lọ, inú rẹ̀ á dùn. Ẹ wá gbé ọ̀pá lé «moto» nìkan, kí ẹ ní kí ọmọ kan tó jókòó lẹ́yìn kà á. Ojú yín ni yóò máa wò, kò ní wo pátákó. Nígbà tó bá yá, á padà sórí «Papa», á máa kà á bọ̀ lábẹ́ ahọ́n títí tí yóò fi dé ibi tí ọ̀pá wà. Ọmọ yẹn kò tíì mọ̀wé kà. Orin ló há sórí.

N kò bú àkọ́sórí o. Ní Àjàṣẹ́ tiwa níbí, ilé-kéwú ti fi àkọ́sórí tọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ dàgbà. Ṣùgbọ́n áfáà tó mọṣẹ́ kì í jẹ́ kí ọmọ fi ohùn dídùn tan òun jẹ. Á fi ìka sí àárín wàláà, á ní, «Kí lèyí?» Ìka yẹn ló ṣọ̀wọ́n ní ọ̀pọ̀ kíláàsì wa.

Ní ọdún 1986, àwọn onímọ̀ méjì, Philip Gough àti William Tunmer, ṣe àlàyé kan nípa ìwé kíkà tí mo máa ń fẹ́ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mi mọ̀. Wọ́n ní kí èèyàn tó lóye ohun tó kà, nǹkan méjì gbọ́dọ̀ pàdé: kí ó lè sọ lẹ́tà di ìró, kí ó sì gbọ́ èdè tí wọ́n fi kọ ìwé náà. Wọ́n ní ìsọdipúpọ̀ ni ọ̀rọ̀ méjèèjì, kì í ṣe ìròpọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní ìṣirò mọ ohun tí ìyẹn já sí: bí ọ̀kan bá jẹ́ òdo, òdo ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ wá mú ọmọ Kétu kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ CI. Ní ti Faransé, kò mọ lẹ́tà, kò gbọ́ èdè. Òfo ní apá ọ̀tún, òfo ní apá òsì. Ní ti Yorùbá, ọmọ kan náà ń pa àlọ́, ó ń jíṣẹ́ ìyá rẹ̀ lọ́jà láìgbàgbé iye owó, ó sì mọ̀ bí ìyá àgbà bá ń fi òwe bá òun wí. Lẹ́tà nìkan ni gbèsè tó kù lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ ní lẹ́tà, èwo ló rọrùn jù nínú ọ̀nà méjèèjì?

Wọ́n ti dán èyí wò nítòsí wa. Ní ọdún 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. A fẹ́ràn láti máa sọ àbájáde yẹn kiri. Ohun tí a kì í sọ ni pé wọ́n jókòó kọ ìwé tuntun, wọ́n sì múra àwọn olùkọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá gbé Yorùbá fún olùkọ́ tí kò mọ bí Yorùbá ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ kò tíì ṣe nǹkan kan. Níhìn-ín pẹ̀lú, Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1990, ní ẹsẹ̀ kọkànlá, fún àwùjọ kọ̀ọ̀kan lómìnira láti lo èdè rẹ̀, ní sísọ àti ní kíkọ. Òfin wà. Etí olùkọ́ ló kù.

Nípa etí yìí, mo bi wọ́n ní gbọ̀ngán pé ìró mélòó ló wà nínú «ọgbọ́n». «Márùn-ún!» ni gbogbo wọn pariwo. Lẹ́tà ni wọ́n kà. Ìró mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀: ọ, gb, ọn. Mo tún bi wọ́n ní «chapeau», fìlà ní Faransé. Lẹ́tà méje, ìró mẹ́rin. Kì í ṣe pé wọn kò gbọ́n o. Ẹni tó ti mọ̀wé kà tipẹ́, ojú rẹ̀ ti borí etí rẹ̀. Louisa Moats, onímọ̀ nípa ìwé kíkà, kọ̀wé ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1994 pé bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí lọ́hùn-ún: ọ̀pọ̀ olùkọ́ tó ń kọ́ni ní ìwé kíkà ni kò lè tú ọ̀rọ̀ sí ìró. Ìdí ni pé kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. Ọmọ CI kò tíì ní ojú yẹn, etí ló ń lò. Ẹ̀yin àti òun á máa sọ̀rọ̀ lórí «ọgbọ́n», kò sì ní jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà.

Àwọn ọmọ wa sì ti ní ohun èlò tí a kò lò. Ẹ ti gbàgbé ẹnà ni? «Mo fẹ́ lọ» á di «Mogo fẹ́gẹ́ lọgọ». Ọmọ tó bá ń fi ẹnà bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí àgbà má baà gbọ́ ti gé gbólóhùn sí sílébù, ó ti fa fáwẹ́lì sílébù kọ̀ọ̀kan yọ, ó ti fi g sí i níwájú, ó sì ti dá ohùn rẹ̀ padà bó ṣe wà: fẹ́ ròkè, gẹ́ ròkè. Kò sí olùkọ́ tó kọ́ ọ. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń kọ ìwé ńláńlá lé lórí, tí wọ́n ní kí ọmọ mọ̀ kó tó kan lẹ́tà, ọmọ ti ń fi ṣeré ní ẹ̀yìnkùlé. Bí mo bá láṣẹ, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ní CI, ẹnà àti àlọ́ ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní eré ni mò ń sọ. Kí wọ́n máa sọ ọ́.

Ibi tó le wá kàn: ọmọ yín yóò gbé lẹ́tà kan náà lọ sínú èdè méjì. Ẹ ṣí ìwé orúkọ kíláàsì èyíkéyìí ní Kétu tàbí ní Pobè. Òjó ti di «Odjo», Ajíbádé ti di «Adjibadé», Adéṣínà ti di «Adéchina». Àkọtọ́ Faransé ni wọ́n fi kọ orúkọ Yorùbá. Orúkọ ọmọ fúnra rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ lè fún un lórí èyí: j ti Yorùbá ni dj ti Faransé, ṣ ni ch, u sì ni ou. Ẹ ní kí kálukú kọ orúkọ rẹ̀ lọ́nà méjèèjì. N kò tíì rí ọmọ tí eléyìí sú.

Àmì orí lẹ́tà ló máa ń da olùkọ́ gan-an rú. Ní Faransé, é àti è jẹ́ fáwẹ́lì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: é súnmọ́ e tiwa, è súnmọ́ ẹ. Ní Yorùbá, àmì kan náà ń sọ ohùn: é ròkè, è lọ sílẹ̀. Ọmọ tó ń rí «Savè», bí Faransé ṣe ń kọ Sábẹ, lójú títì ní láti mọ̀ pé àmì yẹn kò ní kó rẹ ohùn sílẹ̀. Fáwẹ́lì ẹ ló ní kó pè. Bí olùkọ́ kò bá la èyí yé e, á máa fi ohùn Yorùbá ka Faransé, á sì máa fi fáwẹ́lì Faransé ka Yorùbá, wọ́n á wá ní olódo ni.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé ọmọ kan jókòó. Ọmọ CE1, kíláàsì kẹta, ni, ìwé rẹ̀ ní: «La lune est dans le ciel» (Òṣùpá wà lójú ọ̀run). Ó kà á báyìí: «La line est danse le kiel.» Olùkọ́ tí kò ní etí á ní, «Kò dáa, jókòó, ẹlòmíràn!» Ẹ dúró. Àṣìṣe mẹ́ta ló ṣe, kò sì sí èyí tó jọ ìkejì.

«Line» kì í ṣe àṣìṣe ìwé kíkà rárá. Ó dá lẹ́tà mọ̀, ó mọ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n Yorùbá kò ní ìró u ti Faransé. Ẹnu ni kí ẹ tọ́ ọ: kí ó pe «i», kí ahọ́n dúró síbẹ̀, kí ó wá ká ètè jọ bí ẹni fẹ́ fọn fèrè. Ìṣẹ́jú kan ti tó. «Danse» ní tirẹ̀, òtítọ́ tó pọ̀ jù ló fà á: ọmọ náà gbà pé gbogbo lẹ́tà gbọ́dọ̀ dún, bó ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ní Yorùbá. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé s ìparí ọ̀rọ̀ Faransé sábà máa ń dákẹ́. «Kiel» sì fi hàn pé ó ti pàdé c nínú «coco» àti «cola», kò tíì pàdé rẹ̀ níwájú i àti e, níbi tó ti ń dún bí s. Oògùn mẹ́ta ni ẹ óò lò, ọ̀kan fún ẹnu, méjì fún òfin àkọtọ́. Ẹni tó bá ní kí ó tún un kà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kò wo ìkankan sàn nínú wọn.

Bí a ṣe ń kọ ohun tí ọmọ kà sórí ìwé, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, Marie Clay, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ti New Zealand, ló sọ ọ́ di ohun tí ayé mọ̀. N kò bá a lọ ní gbogbo ibi; àwọn tó ń jẹ́ kí ọmọ máa wo àwòrán fi méfò ọ̀rọ̀ ń fi ọjọ́ ọmọ ṣòfò lójú tèmi. Ṣùgbọ́n ìwé àti gègé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ kan, iyẹn dára púpọ̀.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn tó ń kọ́ yín fún nìyí. Kí wọ́n dín ìwé àkọsílẹ̀ kù. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi odindi òwúrọ̀ pe ẹ̀kọ́ lórí «bí a ṣe ń kọ́ni ní ìwé kíkà» fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti kọ sílẹ̀, láìsí ọmọ kan níbẹ̀, láìsí ìwé ọmọdé kan lórí tábìlì. A tún máa ń fún fiche, ìyẹn ìwé ètò ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ ń kọ, ní máàkì, bóyá ìlà rẹ̀ gún, bóyá gbogbo àkọlé pé. Fiche tó rẹwà kì í kọ́ ọmọ. Kí kálukú yín gba ọmọ kan ní ilé-ìwé tó súnmọ́ ibi tí ẹ ti ń kọ́ṣẹ́, kí ẹ máa gbọ́ ọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ gbé àṣìṣe rẹ̀ wá sí kíláàsì yín, kí ẹ jọ tú u. Nígbà tí ẹ bá wá dé iwájú ọ̀pọ̀ ọmọ, ẹ kò ní lè gbọ́ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan, mo mọ̀. Ọmọ mẹ́ta lóòjọ́, nígbà tí àwọn yòókù ń da ọ̀rọ̀ kọ láti ojú pátákó. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù kò ní ṣàìkan ọ̀pọ̀ wọn.

Ọ̀rọ̀ àkọtọ́ ò gùn. Láti ọdún 1975 ni orílẹ̀-èdè wa ti ní álífábẹ́ẹ̀tì kan fún àwọn èdè rẹ̀, wọ́n sì tún un ṣe ní 1990 àti 2008. Òun ló ní ɛ àti ɔ, sh àti kp, níbi tí ìwé tó ń wọlé láti Nàìjíríà ti ní ẹ àti ọ, ṣ àti p. Àǹfààní tiwa ni pé ọmọ Gùn àti ọmọ Yorùbá tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà ní Àjàṣẹ́ lè fi lẹ́tà kan náà kọ èdè kálukú. Àǹfààní ti Nàìjíríà ni pé ibẹ̀ ni ìwé pọ̀ sí. Ẹ mú ọ̀kan fún ọdún àkọ́kọ́, kí ẹ fi ìkejì han ọmọ nígbà tó bá ti ń kà geere. Ẹ̀yin ní tiyín, ẹ gbọ́dọ̀ mọ méjèèjì, pẹ̀lú àmì ohùn. Ẹni tó bá ń kọ «ọkọ» láìfi àmì ohùn sí i, tó ń retí kí ọmọ mọ̀ bóyá ọkọ̀ ni tàbí ọkọ́, ń ṣe awo fún ọmọdé.

Nígbà ìbéèrè, ọmọbìnrin kan dìde. Ó ní, «Bàbá, ẹ má bínú. Sábẹ ni wọ́n ti bí mi. Yorùbá inú ìwé kọ́ la ń sọ nílé. Bí mo bá padà lọ síbẹ̀ láti kọ́ni, ẹnu wo ni kí n lò?»

Mo ní, ẹnu ìyá àwọn ọmọ náà ni kó kọ́kọ́ lò, torí òun ni wọ́n gbọ́. Kí ó má sì pe ọ̀rọ̀ Sábẹ kankan ní àṣìṣe. Mo fún un níṣẹ́ kan fún ìsinmi: kí ó jókòó ti ìyá àgbà rẹ̀ pẹ̀lú ìwé kíkà kan, kí ó kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sọ́nà méjì, àwọn tí wọ́n ń pè bákan náà ní Sábẹ, àti àwọn tó yàtọ̀. Àwọn tó jọra ni kí ó fi kọ́ lẹ́tà ní sáà àkọ́kọ́. Àwọn tó yàtọ̀, kí ó fi wọ́n sílẹ̀ di sáà kejì, kí ó wá kọ méjèèjì sójú pátákó, ti ilé lókè, ti ìwé nísàlẹ̀. Ó béèrè bóyá alábẹ̀wò ò ní bá òun jà. Mo ní kó fi ọ̀pá lé àárín gbólóhùn kan níwájú alábẹ̀wò, kó sì pe ọmọ tó jókòó lẹ́yìn.