Máàsìkì, Etí àti Òjé: Bí A Ṣe Ń Múra Kí A Tó Mòòkùn

Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ má pè é lókun, omi ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ló wà lẹ́yìn mi yìí, níbí ní Àkúrẹ́. Òkun wà ní ìpínlẹ̀ wa lóòótọ́, lọ́dọ̀ àwọn Ìlàjẹ, àmọ́ ẹrẹ̀ ló kún etí rẹ̀. Níbí la ti ń kọ́ bí a ṣe ń fi ìgò afẹ́fẹ́ mòòkùn, ká tó gba Òkun Pupa ní Íjíbítì lọ.

Máàsìkì, ìyẹn awò tó ń bo ojú àti imú, ló ṣáájú. Tuntun nìyí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ nínú ike ni. Ẹ fìka ra gíláàsì rẹ̀ nínú: ó ń yọ̀ díẹ̀, àbí? Ohun tó bá a ti ilé iṣẹ́ wá nìyẹn. Bí ẹ ò bá bó o kúrò, gíláàsì á ṣú bíi ti mọ́tò nínú òjò. Ẹ tọ́ ọṣẹ ìfọyín sí i, èyí funfun tó ki, kì í ṣe èyí tó ń dán gbinrin. Ẹ fìka fọ̀ ọ́ yíká, ẹ ṣàn án, kí ẹ tún un ṣe títí kò fi ní yọ̀ mọ́. Èmi ò fọ tèmi nígbà àkọ́kọ́, mo ní tuntun ṣáà ni. Olùkọ́ ń juwọ́ lábẹ́ omi pé kí n gòkè, mo rò pé ó ń kí mi ni, mo kí i padà.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ wọmi, itọ́ ti tó. Ẹ tu ú sí i, ẹ fi ra á, ẹ ṣàn án fẹ́rẹ́. Ẹ má fajú ro, gbogbo wa là ń ṣe é.

Ṣé ó bá ojú yín mu? Ẹ gbé e lójú láìfi rọ́bà kọ́rí, ẹ fimú fa afẹ́fẹ́ díẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Bó bá lẹ̀ mọ́ ojú, tiyín ni. Ẹ̀yin obìnrin, fọ́nrán irun kan péré lábẹ́ etí máàsìkì tó lẹ̀ mọ́ ojú, omi ti ráyè wọlé. Ṣùkú á dí rọ́bà ẹ̀yìn orí lọ́wọ́, ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ á kó irun wá síwájú. Kòlẹ́sẹ̀ ni kí ẹ dì.

Etí ńkọ́? Ẹ di imú mú, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i jẹ́jẹ́ kí etí tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín, bí ẹ bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní mítà kan sí mítà kan. Ní mítà 10, ìlọ́po méjì ohun tó ń tẹ̀ yín lórí ilẹ̀ ló ń tẹ̀ yín. Ẹ máa fimú fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sínú máàsìkì náà, kó má fa ojú yín. Ẹ máa mí lọ, ẹ ò gbọdọ̀ sé èémí láé. Bí ọyẹ́ bá fún yín lọ́fìnkìn, ẹ jókòó sílé.

Òjé ìdí, èyí tí a ń so mọ́ ìdí ká lè rì: èyí tó tó yín níbí ò ní tó lókun, torí omi iyọ̀ a máa gbéni léfòó ju omi yìí lọ.

Bí ẹ bá jáde, omi tí kò níyọ̀ lẹ ó fi ṣan gbogbo ẹrù. Regulator, ẹ̀rọ tí a fi ń mí láti inú ìgò afẹ́fẹ́, nìkan ló nílò sùúrù. Ẹ wo ìdérí kékeré yìí: ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi dé e pinpin kó tó kan omi. Ẹ má sì tẹ bọ́tìnì iwájú yìí nínú omi, ibẹ̀ lomi á gbà wọnú okùn afẹ́fẹ́ rẹ̀. Abẹ́ ibòòji ni kí ẹ sá a sí o, kì í ṣe orí páànù.