Ta Ló Ń Já Bọ́ Lórí Àtẹ̀gùn Yẹn Gan-an?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í jà nísàlẹ̀ fídíò yìí o, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi ná.

Ẹ rántí alákàrà òyìnbó inú Sesame Street, ètò tẹlifíṣọ̀n àwọn ọmọdé ti Amẹ́ríkà? Aṣọ funfun, fìlà gogoro. Tí fíìmù kékeré tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọdé ní nọ́ńbà bá ń parí lọ, á gbé kéèkì jáde sórí àtẹ̀gùn, á fi ariwo polówó ẹ̀: "Ten chocolate layer cakes!" Kí ẹ tó ṣẹ́jú, gbì, gbì, gbì, ó ti dé ìsàlẹ̀, kéèkì ti bo gbogbo ara ẹ̀. Láti 1969 tí ètò náà ti bẹ̀rẹ̀ ló ti ń ṣubú.

Ibi tí ẹ ti máa ń ṣì í nìyí. Ẹ ní Jim Henson, ẹni tó dá àwọn ọmọláńgidi Muppets sílẹ̀, ni. KÌ Í ṢE ÒUN! Henson ló ṣe fíìmù náà, òun ló sì ń pariwo kéèkì. Àmọ́ ẹni tó ń yí gbirigbiri ni Alex Stevens, irú àwọn tí wọ́n máa ń háyà kí wọ́n wá ṣubú nínú fíìmù. Mo tún un sọ: ohùn Henson, ìbàdí Stevens!

Èmi náà dán an wò. Àǹtí mi ní London ló fi kásẹ́ẹ̀tì fídíò ránṣẹ́ sí wa. Mo kó mọ́ín-mọ́ín sínú abọ́, mo dúró lókè àtẹ̀gùn ilé wa, mo ké pé "Mọ́ín-mọ́ín mẹ́rin!" Ohun tí màmá mi fojú mi rí, ẹ má bi mí. Ẹyọ kan ló yè, ilẹ̀ níbẹ̀ ni mo ti jẹ ẹ́.

Count von Count, ọmọláńgidi inú ètò náà tó fẹ́ràn kíka nǹkan, ńkọ́? 1972 ló dé. Á kà, á rẹ́rìn-ín, àrá á sán. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ ká kọjá.

Orin pinball ni wàhálà, èyí tí ẹgbẹ́ olórin Pointer Sisters fi ń ka nọ́ńbà dé 12, bí bọ́ọ̀lù kékeré ṣe ń yí kiri nínú ẹ̀rọ eré pinball. Ẹ̀ ń búra pé ẹ rí fíìmù ti nọ́ńbà 1. Kò sí! 2 dé 12 ni wọ́n ṣe, mọ́kànlá péré. Orin yẹn ló ń tàn yín, torí nọ́ńbà yòówù kí wọ́n fi hàn, láti orí 1 ni wọ́n ti máa ń kọ ọ́ bọ̀.

Ẹ má sì kọ ọ́ gbọọrọ bí ẹni ń ka owó ní báńkì! Ẹ dá a dúró díẹ̀ ní márùn-ún, ẹ tún dá a dúró ní mẹ́wàá, kí ẹ tó wá ju méjì tó kù sílẹ̀. Àbí nígbà tí a wà léwe, ta ló ń sáré ka "ení bí ení, èjì bí èjì"? Àtẹ́wọ́ la fi ń gbè é.

Ó yá, ẹ gbé e. One, two, three, four, five… six…

Rárá. Ẹ ti tún sáré. Ẹ padà sí one.