Stiff Records: Ilé Iṣẹ́ Àwo Tó Ń Fi Àbùkù Ara Rẹ̀ Polówó

Ẹ kú ìjókòó o. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí páálí àwo yìí ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ẹ wo iwájú rẹ̀: àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin tí kírímù kéèkì kùn lójú títí dé irun, bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ nídìí ìkòkò ẹ̀kọ. The Damned ni wọ́n ń jẹ́, àwo ńlá wọn àkọ́kọ́ sì nìyí, oṣù Kejì 1977. Ẹ wá yí i padà. Àwọn tó ń ṣeré lórí ìtàgé lẹ́yìn ibẹ̀ yẹn, àwọn kọ́ o. Ẹgbẹ́ mìíràn ni, Eddie and the Hot Rods, tí Island Records ń gbé àwo wọn jáde. Wọ́n lẹ bébà kékeré kan mọ́ àwọn tó kọ́kọ́ jáde, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilé iṣẹ́ àwo ló ṣàṣìṣe, ẹ má bínú, fọ́tò tó yẹ ló máa wà lára àwọn tó ń bọ̀.

Irọ́ ni. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá gbọ́ pé páálí kan ní àṣìṣe tí wọ́n fẹ́ tún ṣe yóò sáré lọ rà á kó tó wọ́n.

Ilé iṣẹ́ tó dá àrà yìí ni Stiff Records ti London. Lẹ́nu àwọn tó ń ta àwo lọ́hùn-ún, "stiff" ni àwo tí kò tà, tó kàn ń gba eruku lórí pẹpẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn kan náà ni wọ́n fi ń pe òkú tó ti gan. Ẹ fojú inú wò ó: ẹnì kan ṣí ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní Balógun, ó wá kọ "Aṣọ Tí Kò Tà" gàdàgbà sára pátákó.

Àwọn méjì ló dá a sílẹ̀ ní 1976. Dave Robinson, ọmọ Dublin tó ti bá Jimi Hendrix káàkiri lójú eré, àti Jake Riviera, ẹlẹ́nu bí abẹ, tó ń ṣètò ìrìn àjò ẹgbẹ́ Dr Feelgood. £400 ni owó tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, Lee Brilleaux, akọrin Dr Feelgood, ló sì yá wọn. Alexander Street ní ìwọ̀-oòrùn London ni ọ́fíìsì wọn wà.

Ojú Robinson ti rí màbo kó tó débẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 1970, òun ni máníjà ẹgbẹ́ Brinsley Schwarz tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbọ́ orúkọ wọn. Ó gbé bàálù, ó kó àwọn akọ̀ròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí New York kí wọ́n lọ wò wọ́n ní gbọ̀ngàn Fillmore East, kí òkìkí lè kàn lóru ọjọ́ kan. Bàálù pẹ́ kó tó gbéra. Ọtí ti wọ àwọn àlejò lára, nígbà tí wọ́n fi débẹ̀ oorun ń kùn wọ́n. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ìròyìn nígbà tí wọ́n padà dé kò ṣeé kà sí olórin létí. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni Stiff ti bẹ̀rẹ̀ ní ti gidi, ọdún mẹ́fà kó tó lórúkọ. Ẹni tó ti fi ariwo gbé ara rẹ̀ ga, tó já lulẹ̀ gbì, ti mọ̀ pé bí òun bá tètè fi ara òun ṣe yẹ̀yẹ́, kí ló kù tí akọ̀ròyìn fẹ́ ṣe?

Ẹni tó ń ta gìtá béèsì nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n fi ṣẹlẹ́yà yẹn, Nick Lowe, ni wọ́n kọ́kọ́ gbé àwo rẹ̀ jáde, oṣù Kẹjọ 1976. £45 ni wọ́n fi gbà á sílẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ ni BUY 1. Lẹ́tà tí kò sọ nǹkan kan fún oníbàárà ni àwọn ilé iṣẹ́ yòókù ń fi ṣe nọ́ńbà; tiwọn ń pàṣẹ fún ọ pé kí o rà á.

Ibi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀ ni Pathway, yàrá kótópó kan ní Islington. Ibẹ̀ ni Nick Lowe kan náà ti jókòó ti The Damned tí wọ́n fi gba "New Rose" sílẹ̀. Ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá 1976 ló jáde, àwo pọ́ǹkì (orin gìtá eléré sísá, aláriwo) àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Sex Pistols, ẹgbẹ́ pọ́ǹkì mìíràn, ló gba gbogbo ariwo, EMI, ilé iṣẹ́ àwo tó tóbi bí òkè, ló sì wà lẹ́yìn wọn, síbẹ̀ ó tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà kí tiwọn tó dé ọjà. Ẹni tí kò ní ìgbìmọ̀ kì í pẹ́ ní ìpàdé.

Bí ẹ bá rí àwo Stiff lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ gbé e sábẹ́ iná, ẹ wo ibi dídán tóóró tó wà láàárín òpin orin àti bébà àárín. Nínú púpọ̀ wọn, ẹ óò rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ họ síbẹ̀, wínníwínní, bí ìgbà tí ọmọ iléèwé fi kọ́ńpáàsì kọ orúkọ sára tábìlì. Nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tó ń tẹ àwo máa lò ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹni tó ń gé àwo àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n máa fi ṣe irin tí wọ́n ń fi tẹ ìyókù, ló ń fi abẹ́rẹ́ kọ ọ́. Ohun tó bá họ sí ọ̀kan ṣoṣo yẹn ló máa wà lára gbogbo àwo tó bá jáde, àwàdà tí kò ná wọn ní kọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ Elvis Costello ló dùn mọ́ mi jù. Declan MacManus lorúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ní Elizabeth Arden, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àtíkè àti ìpara, ó ti níyàwó, ó ti bímọ. Ó ń yọ́ kúrò níbi iṣẹ́ pé ara òun ò yá, ó ń lọ kọrin ní Pathway. Gbogbo àwo ńlá rẹ̀ àkọ́kọ́ kò gbà ju nǹkan bí wákàtí 24 lọ, tí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Riviera ló ní kó máa jẹ́ Elvis. Ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ onígíláàsì, tí orúnkún rẹ̀ fẹ́ gbá ara wọn, ni wọ́n yà fọ́tò rẹ̀ síwájú páálí, wọ́n sì fi lẹ́tà pẹ́pẹ̀pẹ́ kọ ọ́ yí i ká nínú àwọn àpótí dúdú àti funfun pé Elvis ni ọba. Oṣù Keje 1977 nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ, Elvis Presley kú ní Amẹ́ríkà. Kò sẹ́ni tó lè fi ìyẹn ṣe ìpolówó tẹ́lẹ̀.

Kí Presley tó kú, àwọn ọ̀gá CBS, ilé iṣẹ́ àwo ńlá ti Amẹ́ríkà, láti gbogbo ayé ń ṣèpàdé ní òtẹ́ẹ̀lì Hilton ní London. Stiff ní kí Costello gbé gìtá àti ẹ̀rọ amóhùngbilẹ̀ kékeré, kó dúró sójú títì níwájú òtẹ́ẹ̀lì, kó máa kọrin fún wọn bí wọ́n ṣe ń jáde. Ọlọ́pàá gbé e. Wọ́n ní kó san owó ìtanràn £5. CBS ló padà gbé àwo rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà. Ẹ bá mi ṣírò èrè tó wà lórí £5 yẹn.

Ìgbà ìwọ́wé ọdún yẹn kan náà, wọ́n kó olórin márùn-ún sínú bọ́ọ̀sì kan, wọ́n gbé wọn yípo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ọdún tó parí, ọ̀rọ̀ Robinson àti Riviera ò wọ̀ mọ́. Riviera kó ẹrù rẹ̀, ó mú Costello àti Lowe lọ.

Ẹni tó kù fún Robinson ni Ian Dury, ẹni ọgbọ̀n ọdún ó lé tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti ṣe ní apá àti ẹsẹ̀ láti kékeré, tí ohùn rẹ̀ jẹ́ ti ìgboro London pọ́ńbélé. Òun gan-an ló gbé Stiff dé ipò kìíní lórí àtẹ orin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oṣù Kìíní 1979. Lọ́dún yẹn náà, Robinson fẹ́ gbọ́ bí ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Madness ṣe ń kọrin, kò sì ráyè. Kí ló ṣe? Ó pè wọ́n kí wọ́n wá ṣeré níbi ìgbéyàwó òun fúnra rẹ̀. Àwa tí a mọ òde ìnáwó mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dán olórin wò. Madness ló wá bọ́ ilé iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní 1980, wọ́n tún gbé àwo ńlá kan jáde, tí wọ́n pe àkọlé rẹ̀ ní ọgbọ́n àti òye Ronald Reagan. Ojú kìíní, kò sóhùn kankan. Ojú kejì, bákan náà. Àwọn èèyàn sanwó, wọ́n gbé e lọ sílé, wọ́n gbé abẹ́rẹ́ lé e, wọ́n jókòó.

Lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́, arákùnrin kan dìde, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, Island tí ẹ dárúkọ yẹn, ṣé òun kọ́ ló gbé Sunny Adé lọ sókè òkun?" Òun ni. Lẹ́yìn ikú Bob Marley ní 1981, Island gbé àwo King Sunny jáde lágbàáyé ní 1982, wọ́n ṣe mẹ́ta, èyí tó gbẹ̀yìn jáde ní 1984, òun àti Island sì pínyà. Láàárín ìgbà yẹn náà ni Island ra ìdajì Stiff, tí wọ́n fi Robinson jọ̀gá lórí ilé méjèèjì. Àkójọ orin Marley tó jáde nígbà náà ṣì ń tà títí dòní. Stiff ní tirẹ̀ ò rọ́wọ́ mú. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, gbèsè ti mú un lọ́rùn, ZTT, ilé iṣẹ́ àwo mìíràn ní London, ló ra ohun tó ṣẹ́kù. Sunny Adé ti ní ilé iṣẹ́ àwo tirẹ̀ nílé kó tó bá Òyìnbó pàdé, láti ìgbà tó ti kúrò lọ́dọ̀ olóyè Abíọ́rọ̀ tó ń gbé àwo rẹ̀ jáde tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ló padà sí.

Arákùnrin náà gba páálí lọ́wọ́ mi, ó yí i padà, ó wo fọ́tò àwọn Island tó wà lẹ́yìn ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ní èló ni màá tà á fún òun. Mo ní kò sí ní títà.