Físà Iṣẹ́ Kí PhD Tó Parí ní Ìlú Ọba: Ibi Tí Ẹsẹ̀ Ti Ń Yẹ̀

"Àǹtí, mo ti submit! Ṣé kí n máa fi ìwé físà iṣẹ́ sílẹ̀ lọ?"

Ìbéèrè tí àwọn tó ń ṣe PhD ń bi mí jù lọ nìyẹn, nígbà tí wọ́n bá ti submit, ìyẹn ni pé wọ́n ti fi thesis, ìwé ìwádìí wọn, sílẹ̀ fún yunifásítì. Ayọ̀ ló máa ń wà lóhùn ẹni tó ń béèrè, èmi náà á sì bá a yọ̀, torí mo mọ ohun tó ná an. Ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún jókòó ti iṣẹ́ kan ṣoṣo, tó ń jí lóru torí ọ̀rọ̀ kan tí kò tíì yé e, ó yẹ ká bá a yọ̀. Ṣùgbọ́n ìdáhùn mi kì í yí padà: físà wo lẹ̀ ń sọ? Torí méjì ni wọ́n. Ọ̀kan wà, Skilled Worker, tẹ́ ẹ lè gbà kí PhD tó parí. Ìkejì sì wà, Graduate, tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá kánjú béèrè fún un, wọ́n á kọ̀ ọ́, owó ìwé á sì wọmi.

Ìlú ọba ni mò ń sọ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, òfin tiyín yàtọ̀, ẹ má fi èyí ṣe tiyín. Mi ò sì ní máa ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù fún ẹni tó ń ṣe PhD. Ẹ jẹ́ ká wọnú ọ̀rọ̀.

Físà Graduate ni kí n kọ́kọ́ mú, torí òun ni gbogbo èèyàn ń lé. Ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2021 ni wọ́n ṣí i. Ẹni tó bá gba PhD ń rí ọdún 3 lórí rẹ̀. Àwọn tó ṣe digirí àkọ́kọ́ tàbí master's ń rí ọdún 2, àwọn tó bá sì béèrè láti ọjọ́ 1 oṣù Kínní ọdún 2027 lọ, oṣù 18 ni wọ́n máa bá nílẹ̀. Ti PhD ò yí padà, ọdún 3 náà ni. Ẹ ò nílò agbanisíṣẹ́ kankan kẹ́ ẹ tó béèrè. Iṣẹ́ tó bá wù yín lẹ lè ṣe, àfi eré ìdárayá tí wọ́n ń fi ṣiṣẹ́ jẹun. Ó dùn, àbí? Ó dùn. Owó ìlera tí wọ́n ń gbà mọ́ físà ló máa ń já èèyàn láyà: £1,035 lọ́dún kan, ọdún 3 sì jẹ́ £3,105. Ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ máa san án, kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ìwé yín wò rárá. Ẹ tètè máa tọ́jú rẹ̀.

Wàyí o, ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yẹ̀ nìyí. Ẹ sún mọ́ mi dáadáa.

Físà Graduate kì í béèrè bóyá ẹ ti submit. Kì í béèrè bóyá ẹ ti ṣe viva, ìdánwò ojúkojú lórí thesis yín. Ohun kan ló ń wò: ṣé yunifásítì yín ti sọ fún Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó físà, pé ẹ ti parí, pé ẹ sì ti yege? Kí wọ́n tó lè sọ bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ti kojú àwọn olùdánwò ní viva, ẹ ti ṣe àtúnṣe tí wọ́n ní kẹ́ ẹ ṣe, wọ́n ti wò ó, wọ́n ti gbà á, yunifásítì ti fọwọ́ sí i. Ìgbà yẹn ni wọ́n á ròyìn yín. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ dúró de ọjọ́ tẹ́ ẹ máa wọ aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, kò pọn dandan kí ìwé ẹ̀rí ti wà lọ́wọ́ yín. Ìròyìn yẹn ṣáá ni.

SUBMIT KÌ Í ṢE PÍPARÍ. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. SUBMIT KÌ Í ṢE PÍPARÍ! Viva gan-an kì í ṣe píparí, kódà bí àwọn olùdánwò bá ti ń pè yín ní dókítà nínú yàrá yẹn.

Ìyá ìyá mi jẹ́ aláró ní Abẹ́òkúta, nítòsí Ìtòkú. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé àwọ̀ aró ni aṣọ á ti gbé jáde nínú ìkòkò. Rárá o. Àwọ̀ ewé ló máa ń gbé jáde, bí ewé tó ń pọ́n lọ. Atẹ́gùn á wá fẹ́ sí i, ojú yín báyìí lẹ máa fi rí i bó ṣe ń dúdú bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Màmá á tún kì í bọnú ìkòkò, wọ́n á tún fà á yọ, wọ́n á tún nà án sí atẹ́gùn. Oníbàárà tó ń kánjú á ní, "Ìyá, ó ti jáde, ẹ fún mi kí n máa lọ." Màmá á ní, "Jíjáde ló jáde, kò tíì di aró." Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn gan-an. Thesis tẹ́ ẹ fà lé yunifásítì lọ́wọ́, aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò ni. Viva ni atẹ́gùn tó ń fẹ́ sí i. Àtúnṣe ni kíkì í bọ ìkòkò lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ẹ bá gbé e lọ sọ́jà ní àwọ̀ ewé yẹn, ta ló máa rà á?

Mo mọ ibi tí àṣìṣe yìí ti wá, kì í ṣe ẹ̀bi yín. Àwọn ẹ̀gbọ́n kan á sọ fún yín pé, "Èmi ò tíì parí tí mo fi béèrè o." Wọn ò parọ́. Ṣáájú ọdún 2021, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Doctorate Extension Scheme. Oṣù 12 ló ń fún èèyàn, ìgbà tí PhD bá kù díẹ̀ kó parí ni wọ́n sì ń béèrè fún un. Nígbà tí Graduate dé, wọ́n ti ilẹ̀kùn yẹn. Ìmọ̀ràn àwọn ẹ̀gbọ́n ṣì wà lẹ́nu wa, òfin tó gbé e ró ti lọ.

Àṣìṣe kan náà ló máa ń kó bá èèyàn lórí wákàtí iṣẹ́. Lórí físà Student, wákàtí 20 lẹ lè ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ, láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àìkú. Kì í ṣe pé kẹ́ ẹ ṣe 30 lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ wá ṣe 10 lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ ní ó dọ́gba. Kò dọ́gba! Ẹni tó bá sì ti submit, tó ń dúró de viva, tàbí tó ń ṣe àtúnṣe lọ́wọ́, ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣì ń lọ ni. Wákàtí 20 náà ni. Mo ti rí èèyàn tó gba iṣẹ́ full-time lọ́sẹ̀ kejì tó submit, tó ń fi payslip hàn wá pẹ̀lú ìdùnnú. Ọkàn mi ò balẹ̀ lọ́jọ́ náà rárá, torí pé payslip yẹn gan-an ni ẹ̀rí tó lè dojú kọ ọ́.

Tí físà Student yín bá fẹ́ parí kí wọ́n tó gba àtúnṣe yín ńkọ́? Oṣù 4 ló sábà máa ń wà lórí físà yín lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n kọ pé ẹ̀kọ́ máa parí. Tí oṣù 4 yẹn ò bá ní tó, ẹ bá yunifásítì sọ̀rọ̀ ní kíá, kẹ́ ẹ béèrè fún àfikún físà Student KÍ Ọ̀KAN TÓ WÀ LỌ́WỌ́ TÓ KÚ. Ẹ má jẹ́ kó kú mọ́ yín lọ́wọ́, torí pé ẹni tí físà rẹ̀ ti kú ò lè béèrè fún Graduate mọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká kọjá sí èyí tẹ́ ẹ lè gbà kí PhD tó parí: Skilled Worker.

Èyí nílò agbanisíṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ní àṣẹ Home Office láti gba òṣìṣẹ́ láti ilẹ̀ òkèèrè, òun ló sì máa fún yín ní Certificate of Sponsorship, tí gbogbo wa ń pè ní CoS. Láti ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 2023, ọmọ ìwé ò lè fò láti orí Student bọ́ sórí Skilled Worker bó ṣe wù ú mọ́, ó di dandan kó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Àmọ́ wọ́n ya àwọn tó ń ṣe PhD full-time sọ́tọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti lo oṣù 24 lórí PhD, ọ̀nà ṣí.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ka oṣù 24 náà, torí ibí yìí náà ń dàrú mọ́ èèyàn lójú. Kì í ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ fi ìwé sílẹ̀ ni wọ́n ń wò. ỌJỌ́ TÍ IṢẸ́ BẸ̀RẸ̀ LÓRÍ CoS ni wọ́n ń wò. Ká ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ni PhD yín bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀ lórí CoS ò gbọ́dọ̀ ṣáájú ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2026. Ẹ sì lè fi ìwé físà sílẹ̀ ní oṣù 3 ṣáájú ọjọ́ tí iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀, ìyẹn láti oṣù Keje. Tí HR, àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́ náà, bá kọ oṣù Kẹsàn-án sórí CoS nítorí pé wọ́n fẹ́ yín kíákíá, gbogbo rẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ fi ọjọ́ yín hàn wọ́n kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọ̀pọ̀ HR ò mọ̀ pé òfin oṣù 24 wà.

Owó oṣù ńkọ́? Láti ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2025, £41,700 lọ́dún ni wọ́n ń retí lápapọ̀, tàbí iye tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń san, èyí tó bá pọ̀ jù. Ẹ̀dínwó lórí iye yẹn wà fún ẹni tó bá ní PhD tó bá iṣẹ́ mu. Ẹ gbọ́ mi, mo ní ẹni tó NÍ PhD. Ẹ̀yin ò tíì ní in! Ẹ má jẹ́ kí agbanisíṣẹ́ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tó tọ́ sí ẹni tó ń bọ̀ láti orí Student ni wọ́n ń pè ní new entrant: £33,400 ó kéré tán, àti ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí irú iṣẹ́ yẹn ń san.

Ẹ̀dínwó new entrant yìí kì í kọjá ọdún 4 láyé yín, wọ́n sì máa ń ka ọdún tẹ́ ẹ lò lórí Graduate mọ́ ọn. Ẹni tó bá lo ọdún 3 lórí Graduate kó tó bọ́ sórí Skilled Worker, ọdún 1 péré ló kù fún un.

"Àǹtí, ṣé kí n kúkú gba Skilled Worker nìyẹn?"

Ẹ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù nínú fídíò yìí nìyí. Ẹni tó máa gba físà Graduate, Student ló gbọ́dọ̀ jẹ́ físà tó gbà gbẹ̀yìn. Tẹ́ ẹ bá fò sórí Skilled Worker kí PhD tó parí, ẸNU Ọ̀NÀ GRADUATE TI PADÉ. Ọdún 3 tẹ́ ẹ lè fi ṣe iṣẹ́ tó wù yín láìsí agbanisíṣẹ́ tó so yín mọ́lẹ̀, ó ti lọ. Tí iṣẹ́ náà bá wá bọ́ ńkọ́? Ọjọ́ 60 ni Home Office sábà máa ń fún èèyàn láti wá agbanisíṣẹ́ mìíràn tàbí kó kó ẹrù. PhD ṣì wà nílẹ̀ láìparí, ilé ń béèrè owó, ọjọ́ 60 ń ka ara rẹ̀. Mi ò fẹ́ irú òru bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú yín.

Àǹfààní wà níbẹ̀ ṣá. Ọdún orí Graduate kì í wọ inú ọdún tí wọ́n ń kà fún àṣẹ láti máa gbé ìlú ọba títí láé lórí ọ̀nà Skilled Worker. Ẹni tó tètè wọ Skilled Worker, tètè ni kíkà tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Èrò tèmi: tí iṣẹ́ náà bá jẹ́ iṣẹ́ gidi, tí agbanisíṣẹ́ gbà kẹ́ ẹ parí PhD, tí yunifásítì náà sì gbà bẹ́ẹ̀ lórí ìwé, ẹ lè lọ. Tí viva ò bá ju oṣù mẹ́ta mẹ́rin sí yín mọ́, èmi á dúró gba Graduate. Oṣù mẹ́ta ò tó ohun tí wọ́n ń fi ọdún mẹ́ta ṣòfò fún.

Ẹ̀yin tí TETFund tàbí PTDF, àwọn àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń san owó ẹ̀kọ́ fún èèyàn, gbé wá, ẹ má pa fídíò yìí báyìí o. Ẹni tí ìjọba tàbí àjọ àgbáyé san owó ẹ̀kọ́ àti owó ìgbéayé rẹ̀ láàárín oṣù 12 tó ṣáájú, ó gbọ́dọ̀ mú lẹ́tà ìyọ̀ǹda wá láti ọ̀dọ̀ wọn, ì báà jẹ́ Graduate, ì báà jẹ́ Skilled Worker. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn kó tó di ọ̀sẹ̀ tí físà fẹ́ parí.

Nígbà tẹ́ ẹ bá sì ti fi ìwé sílẹ̀, ẹ jókòó. Ẹ má lọ sí Èkó! Ti Graduate lè gba ọ̀sẹ̀ 8, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá jáde kúrò nílùú kí ìdáhùn tó dé, wọ́n á kà á sí pé ó ti fa ìwé rẹ̀ padà. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ayẹyẹ àádọ́rin ọdún bàbá mi kí n tó mọ èyí. Orí WhatsApp ni mo ti jó lọ́jọ́ náà, ojú mi kún fún omi. Ìwé mi jáde lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá.

Tẹ́ ẹ bá ṣì wà pẹ̀lú mi, ẹ ṣí ìmeèlì yín báyìí. Ẹ kọ ọ́ sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó físà ní yunifásítì yín, ìbéèrè méjì péré: "Lẹ́yìn tí wọ́n bá gba àtúnṣe mi, ọjọ́ mélòó ló máa gbà yín kẹ́ ẹ tó ròyìn mi fún Home Office? Ṣé ọjọ́ yẹn máa bọ́ síwájú ọjọ́ tí físà mi parí?" Ẹ fi nọ́ńbà ọmọ ìwé yín sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ lónìí.