Owó ìwádìí láti òkè òkun fún dókítà ìdílé: ibi tí gbogbo wa ti ń kọsẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi ní Àjàṣẹ́, ní Kétu, ní Sábẹ, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi. Ọ̀rọ̀ owó ni mo gbé wá lónìí. Owó ìwádìí tó ń wá láti òkè òkun fún iṣẹ́ dókítà ìdílé. Mi ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé ohun tí ìwádìí jẹ́. Dókítà ni yín, nọ́ọ̀sì ni yín, agbẹ̀bí ni yín, ẹ ti mọ ìyẹn.

Kí ló dé tí owó iṣẹ́ tiwa fi ṣọ̀wọ́n? Ẹ wo ìyá kan tó wọlé sí ilé ìwòsàn àdúgbò ní Kétu. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ibà wà lára rẹ̀, orúnkún ń dùn ún, ó sì gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń wúkọ́ pọ̀n. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa tọ́jú gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fúnni lówó, orúkọ àrùn ni wọ́n fi ń ya àpò sọ́tọ̀. EDCTP, àjọ olówó ìwádìí tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2003 láàárín Yúróòpù àti Áfíríkà, ibà, ikọ́ ẹ̀gbẹ àti HIV ló kọ́kọ́ gbájú mọ́. Ó ṣe bẹbẹ, mi ò bú u. Ìyá wa yẹn ńkọ́? Inú àpò wo ni wọ́n máa kó o sí?

Ọ̀nà wà ṣá. GACD wà láti ọdún 2009: àwọn àjọ olówó láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ló para pọ̀ níbẹ̀ fún àrùn ọlọ́jọ́ pípẹ́ bí ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Ohun tí wọ́n ń wá ni bí ìtọ́jú tí a ti mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ ṣe máa dé ọ̀dọ̀ ará abúlé. Iṣẹ́ wa gan-an nìyẹn! IDRC, àjọ Kánádà tó ń náwó sí ìwádìí, wà láti 1970. TDR, ètò ìwádìí àrùn ilẹ̀ olóoru tó wà ní Geneva láti 1975, ń kọ́ olùwádìí níṣẹ́. Primafamed ní tirẹ̀ so àwọn tó ń kọ́ni ní ìṣègùn ìdílé ní Áfíríkà pọ̀ mọ́ Yunifásítì Ghent ní Bẹ́ljíọ̀mù. Bí ẹ bá ń wá ẹni tẹ́ ẹ máa bá ṣiṣẹ́ pọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Nílé wa níbí náà, ẹ wo Tanvè lágbègbè Agbómẹ̀. Láti 2015 ni àwọn olùwádìí Bẹ̀nẹ̀ àti àwọn ti Limoges ní Faransé ti ń tọpa ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn ọkàn láàárín àwọn ará abúlé, àwọn èèyàn kan náà láti ọdún dé ọdún. Ta ló tún mọ aláìsàn ní ọdún dé ọdún bí kò ṣe dókítà ìdílé?

Ó yá. Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ eléyìí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan kọ̀wé láti Yúróòpù: ẹ wá ká jọ ṣiṣẹ́, owó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde. Inú wa dùn, a fọwọ́ sí i kíá. Ìwé tí a fọwọ́ sí, ọ̀rọ̀ risíìtì àti nọ́ńbà báńkì ló kún inú rẹ̀. Ta ló máa ni àkọsílẹ̀ aláìsàn tí a bá kó jọ? Níbo ni ẹ̀jẹ̀ tí a fà máa wà, fún ọdún mélòó? Orúkọ ta ló máa ṣíwájú nínú àpilẹ̀kọ? Kò sẹ́ni tó béèrè. Ìgbà tí iṣẹ́ bá parí, gbogbo rẹ̀ ti wà nínú kọ̀ǹpútà òkèèrè. Nọ́ọ̀sì tó gun alùpùpù wọ gbogbo abúlé Sábẹ nínú òjò, ìsàlẹ̀ ìwé ni orúkọ rẹ̀ wà, níbi tí wọ́n ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀.

Nítorí náà: Ẹ KỌ Ọ́ SÍLẸ̀ KÍ OWÓ TÓ DÉ! Ṣé ẹ gbọ́? KÍ OWÓ TÓ DÉ. Bí owó bá ti dé, ẹnu yín ò ní le tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Mo fẹ́ràn àáró nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ bá mi fara dà á. Ní Kétu, bàbá mi máa ń lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ ebè, ọ̀rẹ́ náà á sì wá kọ ti bàbá mi. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọkọ́ ni wọ́n ti máa ń sọ oko tó kàn àti ọjọ́ tó jẹ́. Ẹni tí wọ́n ń pè lójoojúmọ́ sí oko ẹlòmíràn, tí kò sẹ́ni tó yà sí tirẹ̀ rí, alágbàṣe ni, kódà bí wọ́n bá ń pè é ní alábàáṣiṣẹ́. Olóko tí kò bá san àáró padà, bàbá mi kì í bá a ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ má bẹ̀rù pé alájọṣe máa bínú. Láti ọdún 2018 ni ìlànà TRUST, tó ní kí olówó má ṣe rẹ́ aláìní jẹ nínú ìwádìí, ti wà fún irú iṣẹ́ yìí, àjọ Yúróòpù sì gbà á wọlé fún àwọn tó ń gba owó ìwádìí rẹ̀. Ẹ fi hàn án. Òfin Bẹ̀nẹ̀ ti 2010 lórí ìwádìí ìlera náà wà lẹ́yìn yín: bí ìgbìmọ̀ Paris tàbí ti Brussels bá tilẹ̀ ti fọwọ́ sí i, CNERS tiwa, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àti ìwà tó yẹ nínú ìwádìí ìlera, gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má sì gbàgbé APDP, àjọ Bẹ̀nẹ̀ tó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ ara ẹni, nítorí àkọsílẹ̀ ara ẹni ni ti aláìsàn. Àwọn kan á ní ìyẹn ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Kó fà á sẹ́yìn!

Ètò ìnáwó ńkọ́? Kíákíá. Owó iná, owó omi, owó akọ̀wé ìṣirò: ẹ kà á mọ́ ọn! Horizon Europe, ètò owó ìwádìí ti àjọ Yúróòpù, ń fi 25 lé orí 100 fún irú ìnáwó bẹ́ẹ̀. Lórí yúrò 100,000 owó iṣẹ́, yúrò 25,000 nìyẹn, ó lé ní mílíọ̀nù 16 sẹfá. NIH, àjọ ìwádìí ìlera ti Amẹ́ríkà, ń fún ilé-iṣẹ́ òkèèrè ní 8 péré lórí 100, lọ́dún 2025 ló sì dá owó tí ilé-iṣẹ́ tó gba owó rẹ̀ ń pín fún alájọṣe ní òkèèrè dúró, kí ó lè tún ọ̀nà rẹ̀ ṣe. USAID, àjọ ìrànwọ́ Amẹ́ríkà, ní tirẹ̀ ti kógbá sílé lọ́dún kan náà. Ẹ má fi gbogbo ẹyin sí abẹ́ adìẹ kan.

Ọ̀kan tó kù, ó sì ń bí mi nínú! Àwọn èèyàn á kọ ìwé dáadáa, wọ́n á wá fi í ránṣẹ́ nígbà tí ilẹ̀kùn ti tì. Aago 5 ìrọ̀lẹ́ Brussels ni Horizon máa ń tì. Láti ìparí oṣù kẹta dé ìparí oṣù kẹwàá, aago tiwọn fi wákàtí kan ṣíwájú tiwa, nítorí náà AAGO 4 ni tiwa ní Àjàṣẹ́. Aago mẹ́rin o! Bí iná bá sì lọ ní Wàndó ní aago mẹ́ta ààbọ̀, ẹ̀yin lẹ mọ̀, kọ̀ǹpútà Brussels ò mọ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ tó ṣáájú.